Olè Tó Ká Wáyà Kó Tó Lọ

Olè tó jí ẹ̀rọ, tó tún fara balẹ̀ ká wáyà jọ kó tó máa lọ: láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí Jẹ́jẹ́ ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, kò rí irú ẹ̀ rí. Ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì láàárín yàrá ìgbohùnsílẹ̀, ó ń wo wáyà dúdú náà. Wọ́n ti ká a róbótó, wọ́n sì fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so ó kó má bàa tú. Àwọn olè tí òun mọ̀, ṣe ni wọ́n máa ń tú ilé bí adìẹ ṣe ń tú ààtàn. Èyí ṣe tiẹ̀ bí ẹni tó ń retí kí wọ́n yìn ín.

Jẹ́jẹ́ kì í ṣe orúkọ àbísọ. Bó ṣe ń rìn jẹ́jẹ́ náà ló ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, àwọn ọ̀dọ́ ọlọ́pàá ní téṣàn a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé irú ẹ̀ ló yẹ kí wọ́n máa rán níkú. Kì í bínú sí wọn. Ó ti rí i pé ẹni tó ń sáré kì í rí ohun tó wà nílẹ̀.

"Olè ni mo pè yín wá wá, mà," Ẹnjiníà sọ láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹ̀ ń wo wáyà."

"Olè náà ló ká a," Jẹ́jẹ́ ní.

Ẹnjiníà ló ni sitúdíò náà, òun náà ló ń tẹ bọ́tìnnì ibẹ̀. Ó ti rojọ́ fún wọn ní téṣàn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó sì tún un rò fún Jẹ́jẹ́ lọ́jọ́rú yìí láìyọ ẹyọ kan. Adáhùn ni àwọn olórin ń pe ẹ̀rọ tí wọ́n jí. Àpótí onírin kan ni, kò ju páálí bàtà méjì tí wọ́n tò pọ̀ lọ, téèpù kan sì ń yí po nínú ẹ̀. Ohun tí èèyàn bá kọ tàbí tó bá ta sínú ẹ̀, á dá a padà, á tún dá a padà, títí ohùn náà á fi rẹlẹ̀ tí á sì lọ. Wọn ò ṣe irú ẹ̀ mọ́ níbikíbi. Ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan ti ń gba àwo orin sílẹ̀ níbẹ̀ láti oṣù mẹ́ta, kò sì sí orin kan nínú àwo náà tí Adáhùn ò sí nínú ẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló wà. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ Ẹnjiníà, ọ̀kan wà nínú ọkọ̀ àwọn olórin, ìkẹta sì wà lọ́wọ́ ìyá tó ń gbá sitúdíò náà. Ìyá yìí ló wọlé kẹ́yìn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ará òdìkejì títì sì rí i tó gbé báàgì ńlá kan jáde. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Adáhùn ti fẹsẹ̀ fẹ. Kí oòrùn tó gun orí, wọ́n ti mú ìyá náà.

"Ọ̀rọ̀ yẹn ò ju bẹ́ẹ̀ lọ, mà," Ẹnjiníà ní.

Kí Jẹ́jẹ́ tó wá sí sitúdíò láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ ìyá agbálẹ̀ ní àtìmọ́lé. Ìyá náà jókòó sórí símẹ́ǹtì, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní kọ́tìnnì sitúdíò ló wà nínú báàgì, pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lòun máa ń kó o lọ fọ̀ nílé, pé ó ṣì wà lórí okùn báyìí bí ẹnikẹ́ni kò bá ká a. Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

"Ọkọ mi ò lè dá yíra padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta ni mo máa ń yí i. Láti àná ńkọ́, ta ló bá mi yí i?"

Láti ibẹ̀, Jẹ́jẹ́ gba ilé ìyá náà lọ. Kọ́tìnnì mẹ́rin wà lórí okùn lóòótọ́, ó ti gbẹ. Nígbà tó wọ kọ̀rídọ̀, ohùn ọkùnrin kan dún láti inú yàrá: "Ṣé ìwọ nìyẹn?" Jẹ́jẹ́ ní rárá, òun kọ́. Òun àti aládùúgbò kan ló jọ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ara ẹ̀ fúyẹ́ ju bí ara àgbàlagbà ṣe yẹ kó fúyẹ́ lọ. Aládùúgbò náà ní òun lè ràn án lọ́wọ́ lónìí, ṣùgbọ́n òun náà níṣẹ́ tòun. Lọ́la ni wọ́n fẹ́ gbé ìyá agbálẹ̀ lọ sí kóòtù. Bí adájọ́ bá ní kí wọ́n fi í sí ẹ̀wọ̀n di ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, kódà kó jẹ́ oṣù kan péré, ó ṣeé ṣe kó má bá ọkọ ẹ̀ láàyè mọ́.

Ilé tí èèyàn ti ń retí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, Jẹ́jẹ́ mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọdún kẹrin rèé tí ọkọ tiẹ̀ ti kú, òkè òkun sì ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí wà. Kì í pa rédíò nígbà tó bá ń jáde nílé, kí ohùn kan lè pàdé ẹ̀ nígbà tó bá dé. Kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí, nítorí ojú ń tì í.

Ó dìde lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó gbọn orúnkún ẹ̀. Ó ní kí Ẹnjiníà pe àwọn olórin wọlé.

*

Àwọn méjì ló wà nílé nínú ẹgbẹ́ náà. Onílù wọn ti lọ sí ìrìnàjò láti ọ̀sẹ̀ méjì. Fẹsẹ̀tẹ̀ ni wọ́n ń pe olùgìtá, nítorí ẹsẹ̀ ló fi ń ṣe ìdajì iṣẹ́ ẹ̀. Ó to àwọn àpótí pẹlẹbẹ kéékèèké síwájú àga ẹ̀. Bó bá fẹsẹ̀ tẹ ọ̀kan, ohùn gìtá á nípọn, bó bá tẹ òmíràn, á mì. Èyí tó pupa láàárín wọn, Ajá ni wọ́n sọ ọ́, torí bí gìtá bá ti gba inú ẹ̀ kọjá, ṣe ló máa ń kùn.

"Ṣàlàyé ẹ̀ fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ìyá ẹ," Jẹ́jẹ́ ní.

Fẹsẹ̀tẹ̀ ṣàlàyé. Wáyà kan máa ń ti ara gìtá wọ etí Ajá. Òmíràn á ti ara Ajá wọ Adáhùn. Ìkẹta á ti ara Adáhùn lọ bá àmípù, àpótí ńlá tí ohùn ń gbà jáde. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé ló ti so gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti sin obìnrin tó ń kọrin fún wọn. Nígbà tó dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àyè Adáhùn ti ṣófo. Wáyà tó yẹ kó ti ara Ajá wọ Adáhùn, ara àmípù ló bá a, tààrà.

"O wá ta gìtá sí i?"

"Mo ta á, mà. Ó dún dáadáa. Àfi pé kò dáhùn."

Jẹ́jẹ́ ronú lé èyí. Olè náà gé ọ̀nà, ó sì tún ọ̀nà náà ṣe kó tó lọ, kí àwọn tó ń bọ̀ má bàa kọsẹ̀. Gìtá olówó ńlá wà níbẹ̀, kò mú un. Makirofóònù wà níbẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Ẹni tó fẹ́ tajà kọ́ nìyí, ẹni tó ń bá ẹgbẹ́ náà jà sì kọ́.

"Wáyà tó ká sílẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Èyí tó wọ etí Ajá ni, mà. Bátìrì ni Ajá ń jẹ. Bí wáyà bá ti wà létí ẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ nìyẹn, bẹ ò tiẹ̀ fọwọ́ kan gìtá. Bí ilẹ̀ bá máa fi mọ́, bátìrì ti kú. Ìdí nìyẹn tá a fi máa ń yọ wáyà ká tó lọ."

"Ìwọ lo wá yọ ọ́ lọ́jọ́ Ajé."

Fẹsẹ̀tẹ̀ họrí. "Mo gbàgbé, mà. Mo máa ń gbàgbé."

Ẹnjiníà ò jẹ́ kó parí ẹ̀. Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá dé orí gbígbàgbé, òun ò tíì gbàgbé pé Fẹsẹ̀tẹ̀ bẹ òun lẹ́ẹ̀mẹta kí òun ta Adáhùn fún un, pé nígbà tí òun kọ̀, ó lérí lójú gbogbo ayé pé, "Lọ́jọ́ kan, ẹ máa wá a, ẹ ò ní rí i." Fẹsẹ̀tẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ìbínú ni. Ohùn àwọn méjèèjì ròkè, yàrá náà sì gbé ohùn wọn mì, nítorí fóòmù tó wà lára ògiri kì í jẹ́ kí ariwo lọ jìnnà. Jẹ́jẹ́ dúró títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Ó béèrè ibi tí Fẹsẹ̀tẹ̀ wà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, Fẹsẹ̀tẹ̀ ní òun ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé kan ní gìtá, láti aago márùn-ún di aago mẹ́jọ. Jẹ́jẹ́ tẹ ọ̀gá iléèwé náà láago lójú ẹsẹ̀. Òótọ́ ni. Ọ̀gá náà tiẹ̀ fi ẹ̀sùn kún un pé etí òun ṣì ń hó.

Ó kù ẹnì kan tí kò tíì sọ̀rọ̀.

Ó jókòó sí kọ̀rọ̀, ó gbé gìtá béèsì kọ́rùn, gìtá olóhùn ńlá tí okùn ẹ̀ ò ju mẹ́rin lọ. Òun náà ni wọ́n sì ń pè ní Okùn Mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n ni sí obìnrin tó kú náà, baba kan náà, ìyá kan náà. Láti ìgbà tí Jẹ́jẹ́ ti wọlé, okùn kan ṣoṣo ló ń ta, jẹ́jẹ́jẹ́, láìso gìtá náà mọ́ nǹkan kan. Jẹ́jẹ́ ṣàkíyèsí pé òdì ló gbé e. Ọrùn gìtá Fẹsẹ̀tẹ̀ ń kọjú sọ́wọ́ òsì, tiẹ̀ ń kọjú sọ́wọ́ ọ̀tún.

"Ẹ bá mi mú wáyà mẹ́ta wá," Jẹ́jẹ́ ní. "Kí kálukú ká ọ̀kan."

Ẹnjiníà wò ó bí ẹni pé orí ẹ̀ ti fẹ́ máa dàrú, ṣùgbọ́n ó mú wáyà wá. Wọ́n ká a. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mọ̀ ọ́n ká: òrùka kan síwájú, ìkejì sẹ́yìn, kí wáyà má bàa lọ́ra. Jẹ́jẹ́ béèrè bí ìyá agbálẹ̀ ṣe máa ń ká tiẹ̀.

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ìgbọ̀nwọ́ ló máa ń ká a yí, mà, bí okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ó ti ba wáyà mi mẹ́jọ jẹ́. Mo ti ní kó má tún fọwọ́ kàn án mọ́."

"Ta ló wá ká èyí?" Jẹ́jẹ́ gbé wáyà tí olè ká sókè. "Ṣé ìgbọ̀nwọ́ nìyí?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Ẹnjiníà. Jẹ́jẹ́ to wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ti Ẹnjiníà àti ti Fẹsẹ̀tẹ̀ yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Ti olè yí sí òdì kejì, èyí tó kù náà sì yí sí òdì kejì. Ó wò wọ́n tán, ó sì kó gbogbo ẹ̀ jọ. Ọwọ́ òsì nìkan ò tó láti fi múni. Ó ti mọ ẹni tó lè ṣe é, kò tíì mọ ìdí tó fi máa ṣe é.

"Ìgbà wo lẹ tan Adáhùn kẹ́yìn?"

Ẹnjiníà ṣí ìwé ńlá kan. Iṣẹ́ ibẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà ni: gbogbo ohun tí wọ́n bá gbà sílẹ̀, wọ́n á kọ ẹ̀rọ tí ohùn náà gbà kọjá, wọ́n á sì kọ ibi tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan kọjú sí, kí wọ́n lè bá ohùn kan náà lọ́jọ́ kejì. Ìlà tó kẹ́yìn ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohùn obìnrin, láti makirofóònù wọ Adáhùn. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ ìlà náà.

Ẹnjiníà rọra sọ ọ́. Òun ti bọ́ síta lọ gba afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ náà nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́. Obìnrin náà jáde, ó kọjá lára òun láìdágbére, ó fẹsẹ̀ rìn lọ, ọkọ̀ akẹ́rù kan sì gbá a ní oríta. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ní àbúrò òun ló ń kánjú, pé òun ní kó dúró kí wọ́n jọ lọ, kò dúró.

"Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ta ni ì bá tan Adáhùn?" Jẹ́jẹ́ béèrè.

"Èmi ni, mà," Fẹsẹ̀tẹ̀ ní. "Aago mẹ́sàn-án àárọ̀."

Ní kọ̀rọ̀, okùn tí Okùn Mẹ́rin ń ta dákẹ́.

*

Bàbá kan wà lẹ́yìn ilé ìfowópamọ́ tó ń tún ẹ̀rọ ohùn ṣe, Bàbá Oníwáyà ni gbogbo olórin ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ kún fún rédíò tí wọ́n ti ṣí nínú àti àwọn gíláàsì iná tí kò tàn mọ́. Àwọn tó gbé púpọ̀ nínú wọn wá ti kú, àwọn ọmọ wọn ò sì wá gbà á. Bàbá náà ń nu eruku wọn lójoojúmọ́ ṣá. Ó fi àga kan lọ Jẹ́jẹ́, ó ní kó má fara ti ògiri, iná wà níbẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," Jẹ́jẹ́ ní, "bí wọ́n bá pa Adáhùn nígbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀ lọ́wọ́, níbo ni ọ̀rọ̀ náà ń lọ?"

Bàbá Oníwáyà mú téèpù kan tí wọ́n lẹ̀ lórí-kan-ìdí láti inú dúrọ́ọ̀, ó fi kọ́ ìka méjì.

"Kì í lọ síbì kankan. Téèpù yìí ló ń yí. Bí o bá pa á, ó dúró síbi tó dé, ọ̀rọ̀ náà á sì dúró lára ẹ̀. Ó lè dúró fún ogún ọdún. Àmọ́ irin kan wà lẹ́nu ọ̀nà nínú ẹ̀ tó ń nu téèpù, kó lè gba ọ̀rọ̀ tuntun. Bí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ náà báyìí, irin yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. O ò tiẹ̀ ní gbọ́ ọ. Á ti lọ kó tó dé ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ jáde."

"Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ, kò lè tan án. Bí ò bá sì tan án, kò lè gbọ́ ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Jẹ́jẹ́ jókòó jẹ́jẹ́. Ó ro ti rédíò tó ń sọ̀rọ̀ nínú ilé òun nísinsìnyí, tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́. "Ṣé ẹlòmíràn ti bi yín ní ìbéèrè yìí?"

"Ẹni kejì ni ọ́, ọmọ mi. Ọmọkùnrin tó ń ta béèsì yẹn kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn ìsìnkú àbúrò ẹ̀. Ó wá lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bi mí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lè pẹ́ tó. Mo sọ fún un."

"Kò bi yín bí wọ́n ṣe lè yọ ọ́?"

"Rárá. Ṣe o rí i, téèpù yẹn ṣeé yọ. Ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń gbohùn sílẹ̀ níbẹ̀ lè kà á láìnù ún. Kò bi mí." Bàbá náà dá téèpù padà sínú dúrọ́ọ̀. "Ohun tí wọn ò bá bi mí, n kì í sọ. Ó ti mọ́ mi lára. Ẹni tó ń wọ ibí ò pọ̀."

*

Yàrá kan ni Okùn Mẹ́rin ń gbé, lókè àjà kejì. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ kan ilẹ̀kùn, kò béèrè ẹni tó ń kàn án, ó kàn ṣí i. Adáhùn wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ́ gèlè obìnrin kan sábẹ́ ẹ̀. Ó ti fi okùn dáadáa so wáyà iná ẹ̀ pọ̀ kó má bàa ṣèèṣì kan ojú iná. Àga kan wà níwájú ẹ̀. Kò sí nǹkan mìíràn nínú yàrá náà tó wà ní títò.

"Ọjọ́ méjì lo ti ń jókòó tì í," Jẹ́jẹ́ ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Fẹsẹ̀tẹ̀ ì bá tan án."

"Aago mẹ́sàn-án ni ì bá tan án, mà. Bí ìyá agbálẹ̀ ti jáde lọ́jọ́ Ajé ni mo fi kọ́kọ́rọ́ inú ọkọ̀ wa wọlé. Mo fẹ́ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má tan án. Bí mo bá bẹ̀ wọ́n, wọ́n á bi mí ní ohun tó wà nínú ẹ̀." Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. "Ìyá wa náà á gbọ́."

Jẹ́jẹ́ gba àga náà, ó jókòó. Ó jẹ́ kó sọ ọ́ bó ṣe fẹ́. Kì í ṣe àbúrò ẹ̀ ló ń kánjú lọ́jọ́ náà. Òun ni. Bọ́ọ̀lù kan wà tí òun fẹ́ lọ wò. Orin náà ti dára lójú gbogbo wọn, àbúrò òun nìkan ló ní ìlà tó kẹ́yìn ò tíì wọ òun lára, ó ń bẹ̀bẹ̀ nínú makirofóònù pé kí wọ́n jẹ́ kí òun tún un kọ. Òun sún mọ́ ẹ̀rọ, òun sì pa á mọ́ ọn lẹ́nu. Inú bí àbúrò òun, ó jáde, ó ní òun á dá lọ sílé. Ṣé bí wọ́n bá jẹ́ kó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣé ọkọ̀ akẹ́rù yẹn ò ní ti kọjá ní oríta kó tó débẹ̀? Ó ń bi Jẹ́jẹ́ ní ìbéèrè náà gan-an, ojú ẹ̀ gbẹ, ó ń wò ó bí ẹni pé àwọn ọlọ́pàá mọ ìdáhùn irú ẹ̀.

"Mi ò mọ̀," Jẹ́jẹ́ ní. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni.

"Mo sọ fún ìyá wa pé àbúrò mi ló ń kánjú. Mo parọ́ mọ́ òkú, mà. Ẹ̀rí sì wà nínú àpótí yìí. Mi ò lè bà á jẹ́, ohùn ẹ̀ ni. Mi ò sì lè gbọ́ ọ."

Àánú ẹ̀ ṣe Jẹ́jẹ́ débi pé ó fẹ́ dìde kó máa lọ. Ṣùgbọ́n ó rántí ohùn tó ń béèrè láti inú yàrá pé ṣé ìwọ nìyẹn, ọkàn ẹ̀ sì le padà.

"O mọ̀ pé wọ́n mú ìyá tó ń gbálẹ̀ fún yín?"

"Mo mọ̀, mà."

"Orí símẹ́ǹtì ló sùn lánàá. Ọkọ ẹ̀ wà nílé, kò lè yíra padà, aládùúgbò tó ń yí i lónìí ò sì lè ṣe é títí. Lọ́la ni wọ́n ń gbé e lọ sí kóòtù. Ìwọ wá jókòó síbí, ò ń ṣọ́ òkú. Ta ló ń ṣọ́ alààyè?"

Okùn Mẹ́rin bo ojú. Ó ní lọ́sàn-án àná òun dé ẹnu ọ̀nà téṣàn, òun dúró níbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀, ẹsẹ̀ òun kò gbé òun wọlé. Jẹ́jẹ́ kò bú u. Ó dìde, ó fi gèlè náà wé Adáhùn bí ẹni ń wé ọmọ, ó gbé e fún un.

"Ó yá, ká jọ lọ. Èmi náà kì í rìn kíákíá."

*

Kí aago mẹ́rin tó lù, ọ̀rọ̀ ti tán ní téṣàn. Ẹnjiníà rí ẹ̀rọ ẹ̀, ó sì gbọ́ ẹni tó gbé e. Ó ní òun ò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ mọ́. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ìyá agbálẹ̀. Ẹnjiníà fẹ́ tọrọ àforíjì, Okùn Mẹ́rin sì ti kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá náà ò dúró gbọ́ ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ó béèrè aago tó lù lọ́wọ́ Jẹ́jẹ́, ó ṣírò nǹkan kan lórí ìka, ó sì ń sáré lọ sílé pẹ̀lú bàtà ẹ̀ lọ́wọ́.

Jẹ́jẹ́ ò sọ fún Okùn Mẹ́rin ohun tó yẹ kó ṣe lẹ́yìn náà. Òun fúnra ẹ̀ ló mú fóònù, ó pe ìyá ẹ̀, ó ní kó jọ̀ọ́ kó máa bọ̀ ní sitúdíò.

Ìyá náà dé kí ilẹ̀ tó ṣú, obìnrin kúkúrú kan tó di àpamọ́wọ́ ẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Wọ́n fi í jókòó sórí àga Fẹsẹ̀tẹ̀. Okùn Mẹ́rin jókòó sílẹ̀ níwájú ẹ̀, ó sì sọ gbogbo ẹ̀ fún un, láìfi bọ́ọ̀lù pa mọ́. Nígbà tó parí, ìyá náà ń wo àpótí onírin náà.

"Mo bí ọmọ mi," ó ní. "Mo mọ̀ pé kì í kánjú kúrò nídìí iṣẹ́. Ọjọ́ tó o ti sọ ọ́ ni mo ti mọ̀. Ìwọ ni mò ń dúró dè."

Bàbá Oníwáyà, tí Jẹ́jẹ́ ránṣẹ́ pè, ti ṣí Adáhùn. Ó fi ìka méjì yọ téèpù náà jáde, ó mú un kọjá lójú ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń gbohùn sílẹ̀, ó sì fi pẹ́ńsù na apá tó kù sí afẹ́fẹ́ kó má bàa rọ̀. Ó ní kí ẹnì kan tẹ bọ́tìnnì. Okùn Mẹ́rin ló tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ òsì ló fi tẹ̀ ẹ́.

Ariwo fẹ́ẹ́rẹ́ kọ́kọ́ dún, bí afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn obìnrin kan jáde láti inú àmípù, ó sún mọ́ wọn débi pé Fẹsẹ̀tẹ̀ wẹ̀yìn.

"Bọ̀dá mi, ẹ̀ẹ̀kan péré sí i, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má tíì—"

Ó já síbẹ̀. Téèpù náà yí po, kò lópin, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Bọ̀dá mi, ẹ̀ẹ̀kan péré sí i, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má tíì. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹrin. Omi ń dà lójú Okùn Mẹ́rin. Bàbá Oníwáyà wò ó, ó mi orí sí i pé kó pa á, pé ó ti tó báyìí, Okùn Mẹ́rin sì na ọwọ́ sí bọ́tìnnì.

"Ẹ̀ẹ̀kan sí i," ìyá ẹ̀ ní.

Ọwọ́ Okùn Mẹ́rin ti wà lórí bọ́tìnnì. Ó gbé e kúrò, ó padà wá jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kó máa sọ ọ́.